Ìjókòó Kejì

Fọ́ọ̀dù bàbá mi ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ báyìí.
Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ìdáná wa ní Tandil,
mo gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá wọ̀,
mo fi ayùn wíńńí gé òrùlé rẹ̀.

Inú páálí ló ti jáde, tuntun gbinrin,
ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún,
bọ́ńpà rẹ̀ ń dán bí eyín ọmọdé.
Bàbá mi ò gun irú rẹ̀ rí.
Tirẹ̀, ayùn ló fi bá a wí:
ó yọ bọ́ńpà, ó yọ pátákó ìtẹ̀sẹ̀,
ó gé etí mádígáàdì kí táyà lè ráyè mí,
ó fi bẹ́líìtì de ìdérí ẹ́ńjìnì bí ẹni so ṣòkòtò.
Èmi náà gé. Èmi náà fi fáìlì ha á.
Bẹ́líìtì tèmi, etí ìbọ̀wọ́ ìyá mi àtijọ́ ni,
mo là á títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.
Wáyà inú fóònù tó kú di wáyà púlọ́ọ̀gì, mẹ́jọ,
abẹ́rẹ́ dókítà di páìpù èéfín.

Ọ̀dà pupa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fín in.
Lẹ́yìn náà ni mo bà á jẹ́.
Ibẹ̀ niṣẹ́ wà: kí èèyàn ba ohun tó dára jẹ́ dáradára.
Mo lọ sójú ọ̀nà Balcarce, mo bu eruku sínú ìgò oògùn,
mo gbọ̀n ọ́n sára ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.
Ohun gbogbo ni mo dín kù, àfi eruku.

Fọ́tò ara ògiri ni mo wò gbẹ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀:
Anselmo Urrizola, bàbá mi, lórí ìjókòó awakọ̀,
Rufino àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin lára ilẹ̀kùn.

Ìyá mi wọlé tòun ti ife tíì máte rẹ̀,
ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ṣì mú.
Ó fi ìka kan ti ọkọ̀ náà,
ó yí gbirigbiri dé ìdí àwo búrẹ́dì.
"Èwo nìyí?"
"Ti Necochea, Màmá. Ìgbà tí wọ́n ṣe ipò kẹrìnlá."
Ó fa máte títí ìsàlẹ̀ ife fi hó.
"Rufino ò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní ẹja ló jẹ lálẹ́, inú rẹ̀ dàrú,
kò lè dìde nílẹ̀ ilé ìtura.
Òfin sì ni pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá lọ.
"Mo ká irun mi sínú fìlà rẹ̀, mo wọ awò eruku rẹ̀.
Bàbá rẹ ní kí n má sọ̀rọ̀.
Irínwó kìlómítà, n ò sọ̀rọ̀.
Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yà wá, ma gbá a léjìká.
Ọkọ ń wa ọkọ̀,
èmi ń ṣọ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì.
Nígbà tí oníkámẹ́rà dé,
wọ́n lọ fa Rufino dìde, ó di ikùn mú.
Wò ó dáadáa. Ṣé ẹni tó sáré nìyẹn?"

Mo wò ó. Ọwọ́ kan wà níkùn lóòótọ́.
Ogójì ọdún ni mo fi rò pé ó ń yangàn.

Mo fi pínsà fa Rufino jáde.
Mo gbẹ́ ẹlòmíràn, mo ha èjìká rẹ̀ wálẹ̀,
mo fi òwú dúdú kan jáde lábẹ́ fìlà.
Màmá ní imú òun ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gé e.
Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ òrùlé pa.

Níbi ìdíje ní Azul, adájọ́ fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wọ fèrèsé,
ó kọ ọ́ sílẹ̀: èrò kejì kéré jù, kò bá ìdá mu.
Ó yọ máàkì mẹ́ta. N ò bá a jiyàn;
wọ́n ti ní ká má sọ̀rọ̀.

Mo délé. Màmá bi mí pé ipò wo la ṣe.
Mo ní, kẹrìnlá.
Ó ní, "A ò tíì yára sí i nìyẹn."